Wọ́n Pe Ọlọ́run Ní Ìyá, O Gbé Ọmọ Sá

Fúnṣọ́ ọmọ mi,

Ṣé òtútù Largo nílùú òyìnbó lọ́hùn-ún kò tíì wọ̀ ọ́ légungun? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ìjì sì ká páànù ilé ìdáná lọ. Mo ti kí ọ tán. Ìbínú ló kù.

Adétutù ìyàwó rẹ kọ̀wé sí mi pé níbi ìrìbọmi Tìmílẹ́yìn, pásítọ̀ yín, Ìyáàfin Stephanie, pe Ọlọ́run ní Bàbá àti Ìyá wa, ni o bá já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, o ní wọn kò ní fi orúkọ obìnrin ba Ọlọ́run jẹ́ lójú rẹ, o wọ mọ́tò, o lọ. Títí di òní, omi kò tíì kan orí ọmọ.

Mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìṣẹ́yìn kí n lè bú ọ. Obìnrin kan ló gbé e, ó sọ èèbó wuuru, ó fọn fèrè kan pìì, ó sì dákẹ́. Mo bi í pé kí ló ń ṣe nílé ọmọ mi, kò fọhùn. Mo gbàdúrà fún un, kò ṣe àmín. Lé e jáde! O gba irú aláìlẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ láyè kó máa dáhùn fún ọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò gbọdọ̀ jẹ́ ìyá.

Bàbá Ìjọ wa náà gbè ọ́ lẹ́yìn, ó ní Ọlọ́run kì í ró ìró. Mo bi í bóyá ó ti rí ṣòkòtò Rẹ̀ rí. Ó ní Màmá Fúnṣọ́, ẹ rọra. N kò ní rọra. Bóyá gbogbo orúkọ tí a ń pè é, aṣọ tí a rán ni, láìwọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Bàbá rẹ wà ní Kùmásí nígbà tí ibà fẹ́ pa ọ́ ní kékeré. Mo pọ̀n ọ́ nínú òjò láti oko dé Ìṣẹ́yìn, mo ń pe Bàbá, Bàbá, títí ohùn mi fi há. Mo wá ní, Ìyá mi, ìwọ náà mọ bí ọmọ ṣe ń wúwo lẹ́yìn ẹni bó bá fẹ́ kú. O sì sunkún. N kò mọ ẹni tó gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé o sunkún. Bí àdúrà yẹn bá jẹ́ ẹ̀gàn lójú rẹ, dá ẹ̀mí tó mú wá padà.

Gbé ọmọ padà sọ́dọ̀ obìnrin náà, kí o sì bẹ̀ ẹ́. Fi owó páànù ránṣẹ́, òjò ń bọ̀. Ẹni tó pọ̀n wá la òjò ọjọ́ yẹn já kò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, orúkọ tí o ní ó ń ba Ọlọ́run jẹ́.