Sídì Kan Tó Padà Wá Bá Mi

Araba ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ariwo ìlú Tema tó yí ọ ká. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, ayọ̀ ni kí o máa bá wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú burúkú wò ọ́, kí oorun gbé e lọ. Èmi náà wà, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọ̀n lọ́dún yìí, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, mo sì ṣì ń ra ẹ̀kọ dọ̀kọ́nù méjì lálaalẹ́, tèmi àti tìrẹ, n ó wá jẹ tìrẹ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó sídì kan ló mú mi kọ ìwé yìí. Ìwọ lo ní kí Mansa tó ń ṣe mómò lọ́nà etíkun kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́, o kì í gbé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi sídì kan ránṣẹ́ sí ọ, kí n tó ṣẹ́jú, èsì ti dé: Efua Bentsil ti fi sídì kan ránṣẹ́ sí Araba Bentsil. Inú mi a dùn pé o dá mi lóhùn kíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mi lo ń pè gbàgàdà bí ẹni pé n kò bí ọ. Nọ́ńbà gígùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo ṣe bí nọ́ńbà ilé rẹ tuntun ni. Mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, mo sì ní kí awakọ̀ tó ń lọ sí Tema bá mi wá ọ débẹ̀. Ó ní ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ gùn tó báyìí, àfi kó jẹ́ ọ̀run ló wà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọjọ́ tí mo bí ọ tí a fi sọ ọ́ ní Araba, gbogbo apẹja jókòó sílé nítorí èèwọ̀ òkun, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Mo fi sídì kan ránṣẹ́ sí ọ. Èsì kò dé. Mo jókòó ti Mansa títí oòrùn fi wọ̀. Ó ní ìyá Araba, ẹ máa lọ sílé o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, àbí ẹ fẹ́ bá mi ti ṣọ́ọ̀bù ni? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ síbì kankan, ó jókòó sílé bíi àwọn apẹja ni, ta ló ń wọ òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Ilẹ̀ mọ́, sídì náà ti padà sọ́dọ̀ mi. Mansa ní bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nìyẹn: owó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, kó sì dé ọwọ́ rẹ, méjèèjì pọ̀, bí ọ̀kan bá kùnà, yóò dá gbogbo rẹ̀ padà bí ẹni pé n kò rán nǹkan kan. Ó ní nọ́ńbà gígùn yẹn ló fi ń mọ owó kọ̀ọ̀kan tí a rán, kí tèmi má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní Màmá, ẹ̀rọ ló ń dá yín lóhùn látọjọ́ yìí o, Araba lè má tilẹ̀ rí i. Mo yà ra dọ̀kọ́nù, mo lọ sílé. Ẹyọ kan ni mo rà.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún mi. Ṣùgbọ́n bí owó náà bá tó owó ọkọ̀, má rán an mọ́, fi wọ ọkọ̀. Kúrò níbẹ̀, kí o sì dé ibí, méjèèjì pọ̀. Gbogbo ìpè tí mo ń pè ọ́ ló ń padà wá bá mi bíi sídì yẹn.

Kí ọ̀nà má ṣe dí mọ́ ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ ibi tó ń lọ. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan lo ráyè, máa bọ̀. Òkun ni wọ́n fi èèwọ̀ dè, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà mi.

Ìyá rẹ,
Efua Bentsil