Màmá Há Sínú Benz Onílẹ̀kùn Méjì

Ìyá Ládé,

Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé tí o kò bá wa nílé, má bẹ̀rù. Màmá ti lọ rí dókítà nítorí orúnkún wọn, kò sí ewu. Ọkọ rẹ nìkan ni ojú ń tì.

Ìwọ àti Múyìwá ará ìsàlẹ̀ ní kí ó ra Audi ẹlẹ́yìn gígùn, irú èyí tí Múyìwá ń wà. Ọ̀gbẹ́ni ọkọ rẹ ní irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé òkú lọ́dọ̀ wa nílé. Ó ní BMW onílẹ̀kùn mẹ́rin dà bíi takisí. Benz onílẹ̀kùn méjì ló wu olórí kunkun.

Láàárọ̀ yìí, ó ní àgbà kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ̀yìn ni ọlọ́lá ń jókòó sí. Ó bá tẹ àga iwájú síwájú, ó ti Màmá wọlé. Orúnkún wọn há, wọn ò lè jáde mọ́. Wọ́n ní, "Bàbá Ládé, ṣé ọkọ̀ lo rà ni, àbí pàkúté?"

Múyìwá ló wá fà wọ́n jáde. Láti ọjọ́ tó ti fi Benz náà ṣẹ̀fẹ̀ ni ọkọ rẹ kò ti kí i. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá pàdánù àkókò tí dókítà fún wọn lónìí, ta ló mọ ìgbà tí ilé ìwòsàn yóò tún pè wọ́n? Ọkọ rẹ ti gbà kí Múyìwá gbé wọn lọ. Múyìwá ti ń fun fèrè nísàlẹ̀.

Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Bu ti Múyìwá kí o tó bu tìrẹ, kí o sì fi ẹran ńlá sí i. Má sọ pé ọkọ rẹ ló rán ọ. Ó ṣì ń bínú sí i.

Bàbá Ládé