Lórí Apá Òsì Rẹ àti Ìlú Tó O Pè Lẹ́jọ́

Ìmọ̀pé,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1993.

Munir ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé, ìwọ àti Kàfí ìyàwó rẹ, nínú ilé yín ní Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? A ti kan òrùlé ilé ìdáná tí atẹ́gùn ṣí padà, ara ìyá rẹ sì le, àfi pé kò jẹun kánú mọ́ láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé.

O ní ọlọ́pàá méjì dá mọ́tò rẹ dúró ní Woolwich nígbà tó o ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ́ apá òsì rẹ sẹ́yìn títí ó fi kán, wọn ò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí ọ lọ́rùn. O ní lọ́yà rẹ sọ pé ìlú gan-an lẹ máa pè lẹ́jọ́. Mo bi Lèmọ́mù báwo ni odindi ìlú ṣe ń wọ kóòtù, ṣé gbogbo ará Woolwich ló máa to síwájú adájọ́ ni, àwọn alápatà ńkọ́, àwọn arúgbó ńkọ́? Ìyá rẹ ló dáhùn láti ìdí ààrò, ó ní, "Bí ewúrẹ́ mi bá jẹ iṣu yín, ṣé ewúrẹ́ lẹ máa wá bá wí?" Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìlú ló ni àwọn ọlọ́pàá náà.

Ìgbà tí fọ́ọ̀mù lọ́yà rẹ dé, fọ́tò dúdú kan wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sókè sí oòrùn, eegun nìkan ni mo rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n ti pa ọmọ mi, ìyókù rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì Adéṣẹwà ló ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ọsibítù ló ń ya inú èèyàn, pé o wà láàyè.

Fọ́ọ̀mù náà ló wá dẹ́rù bà mí. Àwọn lọ́yà ìlú ní apá náà ti kán kó o tó kúrò nílé, kí èmi bàbá rẹ búra bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tó o já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀. Naheem ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má dárúkọ igi kankan, ta ló máa mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá sọ òótọ́, mo lè ba ẹjọ́ rẹ jẹ́. Bí mo bá purọ́, Kùránì ni mo máa fi búra.

Mo gbé fọ́tò náà lọ bá Pa Japheth tó to eegun náà nígbà yẹn. Wọ́n fi ìka wọ̀n ọ́n láti ọrùn ọwọ́, wọ́n ní, "Ibi tí mo tò rèé, ó ti le bí irin. Ibi tí wọ́n ṣẹ́ yìí, ó jìnnà sí i." Wọ́n bá mi lọ sí kóòtù níbí, mo búra nípa igi, wọ́n búra nípa eegun, a sì fi ìwé ìbúra náà ránṣẹ́ sí lọ́yà rẹ.

Kàfí ti wá ránṣẹ́ pé àwọn lọ́yà ìlú ò sọ̀rọ̀ apá àtijọ́ mọ́, owó ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú ìwé tó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ọ́. O bi mí kí ni kó o ṣe. Munir, gba owó ìwòsàn, ẹ̀tọ́ rẹ ni, ṣùgbọ́n má buwọ́ lu ìwé yẹn. Kí wọ́n tún un kọ. Kí ẹni tó ni ewúrẹ́ sọ pé òun ló ni ín.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra gíláàsì ojú fún Pa Japheth, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ nílùú onílùú. Kò ní jẹ́ kó o bẹ̀rù àtijáde nílé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùráímọ̀.