Ìgò tí Dókítà Fún Wa

Dowa, ní Àjàṣẹ́, oṣù kẹta ọdún 1957

Mounirou ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Dakar? Ṣé òtútù etí òkun kò mú ọ jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lájò, ilé rẹ kò ní dàrú lẹ́yìn rẹ. Èmi Kouboura ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Fadilatou àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ nǹkan kan kúrò.

Ara bàbá rẹ kò yá. O mọ̀ pé orí a máa fọ́ bàbá nítorí iṣẹ́ aránṣọ tó ń ṣe, ìyẹ̀fun oògùn inú bébà tí wọ́n ń tà ní Tokpota ló sì ń dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Lẹ́yìn Iléyá mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó. Ó we aṣọ dúdú kan mọ́ ọn lápá, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Mo rò pé ó ń wọn apá rẹ̀ fún ẹ̀wù ni, mo ní kó má ṣèyọnu, aránṣọ ni bàbá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo gbà pé ẹnu mi ló fà á, láti ọjọ́ náà n kò bá a jiyàn mọ́.

Dókítà fún wa ní ìgò kan, ó ní kí n gbé ìtọ̀ àárọ̀ bàbá rẹ wá. Ọmọ mi, ìtọ̀ náà dúdú, ó ń hó bí omi ọṣẹ. Ojú tì mí. Mo ní òyìnbó á sọ pé n kò tọ́jú ọkọ mi. Mo dà á nù, mo fọ ìgò náà, mo tọ̀ sí i fúnra mi. Dókítà sè é lórí iná kékeré kan, ó ní kíndìnrín bàbá mọ́ tónítóní. Bàbá rẹ dúpẹ́, ó sì ń lo ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. A padà lọ. Níwájú dókítà ni bàbá ti tọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí wọ́n sì sè é, ó dì bí ẹyin. Dókítà ní òun fura pé ìyẹ̀fun yẹn ló ti ń pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kíndìnrín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé bí kíndìnrín bá sì ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í rọlẹ̀. Ó wá bi mí pé ta ló ni ìtọ̀ àkọ́kọ́. Mo sọ fún un. Kò bínú, ó kàn bọ́ díńgí ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Mo ti jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá. Wọ́n ti ní kó má jẹ iyọ̀ mọ́, èmi náà kò jẹ ẹ́ mọ́.

Bí o bá rí owó, fi ránṣẹ́ ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Kútọnu. Bí kò bá sí, ìwọ fúnra rẹ máa bọ̀, kó rí ọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ fi ìtìjú pa ọ́. Àmín.

Ìyá rẹ,
Kouboura