Ọ̀nà Itan Ni Mo Mú

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ara ìyá wa le, ẹnu wọn náà kò sinmi.

Dókítà ní ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn mi ti gan, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè la àyà mi, wọ́n sì lè gba inú iṣan itan wọlé, bí àwa télọ̀ ṣe ń ki okùn sínú ìgbátí ṣòkòtò láì tú u. Ti àyà lè tọ́jọ́ jù, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ lè pọ̀ jù fún kíndìnrín tí o fún mi. Itan ni mo mú. Ìyá wa ní, “Ẹrù àbúrò rẹ ló wà níkùn rẹ, rọra gbé e.”

Pè mí kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ọlọ́run á jẹ́ ká jáde láyọ̀, èmi àti kíndìnrín rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ