Oríkì Ojú Ewé Kìn-ín-ní

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje 2025
Ìwé ìtàn ìdílé Ọdẹ́tọ́lá ti dé o. Bàbá Nasir, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ ọ́ — Òpìtàn ni mo ń pè é níbí. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé, ṣebí tíṣà ni mí. Ìwé ní bàbá ńlá wa gbé adé jáde n'Ífẹ̀. Gbogbo ìdílé Alímọ̀ṣọ́ ló gbé adé jáde n'Ífẹ̀. Kí wá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ará Ifẹ̀?
Mo ka orúkọ àwọn ọmọ bàbá àgbà tán. Akóredé, bàbá mi, kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje
Mo pè é. Ó ní òun ò bínú sí bàbá mi o, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n wá sílé wọn láti ibòmíràn. Bí mo bá ní ìwé tó sọ ohun mìíràn, kí n gbé e wá.
Òkú ọdún mẹ́rin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé e kúrò nílé baba rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje
Mo kó ìwé lọ. Ìwé orin ìjọ Aládùúrà tí bàbá mi ń lò, Akóredé Ọdẹ́tọ́lá gàdàgbà nínú èèpo. Òpìtàn: orúkọ tó bá wu èèyàn ló lè kọ sínú ìwé orin. Ìwé kíkà tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ nílé-ìwé, orúkọ kan náà: ó ní ṣé tíṣà wà níbẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí i ni? Ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà, Akóredé ni ọmọ karùn-ún: àṣìṣe ìtẹ̀wé.
Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀ ọjọ́ tí adé jáde n'Ífẹ̀. Ó ní ìtàn nìyẹn jàre.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje
Orí ń fọ́ mi. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje
Òpìtàn pe ẹbí jọ sílé ńlá n'Íkọ̀tún, kó lè ka ìwé náà sétí Ìyá Àgbà tó bí i lọ́mọ. Ojú ewé kìn-ín-ní, oríkì ìdílé. Ó ń kì í, ó ń mi orí. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín.
"Ṣàíbù, ta ló ní kó o kọ oríkì ilé bàbá mi sínú ìwé ọkọ mi?"
Òpìtàn ní, "Ṣebí òun lẹ fi ń jí wa láràárọ̀, Màmá?"
Oríkì ilé ọkọ ló yẹ kí ìyàwó fi máa jí ọmọ. Màmá mọ̀. Àmọ́ ọdún tí bàbá àgbà fẹ́ ìyá Akóredé lé e, inú bí i, ó ju oríkì ọkọ sílẹ̀, ó ń fi ti ilé tirẹ̀ kì àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní ìyá Akóredé kú lórí ìkúnlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀yẹn, òun lòun gé ìwọ́ ọmọ. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń kì Akóredé.
Mo sunkún lójú gbogbo wọn.
Nasir ní kí Màmá wá kì wá ní ti gidi. Màmá ní, "Mo ti gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ẹ̀ ni."

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Keje
Òpìtàn fúnra rẹ̀, nílé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá! Pẹ̀lú búrẹ́dì! Orúkọ bàbá mi ti wọ inú ìwé. Ó jókòó, ó yọ bírò. Ó ní bàbá àgbà kì Akóredé, Akóredé á ti kì mí, àbí? Kí n máa kì í, òun á máa kọ ọ́.
Aládùúrà ni bàbá mi kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀rọ̀ kèfèrí ló ń pe oríkì. Halelúyà ló fi ń jí mi.
Mo ní, "Bàbá Nasir, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, sà."
Kò bú mi. Ọmọ Ọdẹ́tọ́lá méjì, a jókòó, a ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó kù láyé tó lè kì wá.