Ìrìn-àjò Verna Laycock láti Eudunda dé Carnarvon

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1946 ni wọ́n bí màmá wa, Verna Hulda Laycock, nínú ilé olókùúta tí bàbá bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí ìta ìlú Eudunda, ní Gúúsù Australia. Bàbá wọn ni Erwin Kuhlmann, àgbẹ̀ alálìkámà tí ó tún ń sin àgùntàn. Ìyá wọn ni Hulda, ọmọ ilé Pfeiffer. Ará Jámánì ni ìdílé méjèèjì ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìgbàgbọ́ ló gbé wọn kọjá òkun, inú ìjọ Lutheran ni wọ́n sì wà títí di òní. Màmá ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. Nínú àwọn márààrún, Màmá ló kẹ́yìn láti lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ Eudunda ni wọ́n lọ, títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde ẹ̀kọ́ pé ọmọ yìí mọ orúkọ gbogbo odò ilẹ̀ Australia, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Bí olùkọ́ náà bá wà láyé, ẹnu ì bá yà á. Ní 1961 ni wọ́n gba Màmá sí ilé-ìfìwéránṣẹ́, pé kí wọ́n máa so ìpè tẹlifóònù pọ̀ fún gbogbo ìlú. Fún ọdún mẹ́sàn-án, etí wọn ni àṣírí Eudunda ń gbà kọjá. Wọ́n mọ ẹni tó ń fẹ́ ẹni, wọ́n mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ ta oko tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbọ́. A kò gbọ́ ẹyọ kan lẹ́nu wọn rí. Bí a bá yọ wọ́n lẹ́nu, wọn á ní, "Okùn ni mo ń so, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ọdún 1968, wọ́n fẹ́ Mervyn Laycock nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ jókòó sí yìí. Ọlọ́run fi ọmọ méjì jíǹkí wọn: Glenys ní 1970 àti Trevor ní 1973. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ tẹlifóònù lọ́wọ́ wọn, Màmá ṣe olórí ilé-oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí irun yín ti ń funfun báyìí ló jẹ páì ẹran wọn, àwọn kan sì wà tí wọn kò tíì gbàgbé bí Màmá ṣe lé wọn padà sẹ́yìn nítorí pé wọ́n já ìlà. Màmá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ogójì ọdún. Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé oúnjẹ gbígbóná lọ fún àwọn arúgbó tí kò lè jáde nílé, tí wọ́n sì ń jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi jẹun tán.

Ní 2006, Bàbá fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi wa katapílà ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń họ ojú ọ̀nà eléruku kí ó lè tẹ́jú. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ wa pin sí, wọn á yí padà. Wọ́n máa ń sọ fún Màmá nídìí oúnjẹ pé, "Vern, ọ̀nà yẹn ò tán níbẹ̀ o. Ó ń lọ. Èmi ni mi ò lọ." Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ra káráfáànì, ilé kékeré onítáyà tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn, tí ibùsùn àti sítóòfù wà nínú rẹ̀. Trevor rò pé wọn á lò ó lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó tà á. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fa irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ibi tí ìjà tọkọtaya ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dé àgọ́ tí ẹ ó sùn sí, ọkọ ni yóò máa fi ẹ̀yìn wà á wọlé, ìyàwó ni yóò dúró lẹ́yìn tí yóò máa juwọ́. Àwọn tó ti dé ṣáájú á sì gbé àga jáde wá wòran.

"Ọ̀tún, Merv! Ọ̀tún tèmi kọ́, ọ̀tún tìẹ!"

"Tìẹ ni o, tèmi ni o, Verna, igi ló wà níbẹ̀!"

Ní Port Augusta, lọ́jọ́ kìn-ín-ní ìrìn-àjò wọn, Bàbá fi káráfáànì náà ṣẹ́ ẹ̀rọ omi àgọ́. Omi tú sókè, ó rin gbogbo àwọn òǹwòran. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú ẹrẹ̀.

Wọ́n dé Birdsville, wọ́n dé Cairns, wọ́n kọjá aṣálẹ̀ Nullarbor lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, wọn á wá ibi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, wọn á pè wá. Máàpù Australia wà lára ilẹ̀kùn káráfáànì náà, Màmá sì ń fi bírò pupa kun ọ̀nà tí wọ́n bá ti gbà. Nígbà tí ó fi máa di 2011, wọ́n ti kun ìlà-oòrùn àti àríwá tán, wọ́n ti kun gúúsù dé Perth àti Geraldton. Ohun tó kù kò ju etíkun ìwọ̀-oòrùn lọ, láti Kununurra sọ̀kalẹ̀ wá sí Geraldton. Ibẹ̀ ni ọkàn wọn wà. Wọ́n fẹ́ yí ilẹ̀ yìí po, kí wọ́n tó kú.

Ní ọdún 2011 yẹn, wọ́n dé Kununurra. Glenys pè wọ́n níbẹ̀ pé ọkọ òun ti kó jáde, ó fi òun àti ọmọ méjì sílẹ̀. Màmá kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Mò ń bọ̀," ni wọ́n sọ. Ní 2015, wọ́n tún dé Kununurra. Trevor já bọ́ láti orí àkàbà àká ọkà, egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tún yí padà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ní ìgbà méjèèjì, kò sí ẹni tó bi wọ́n nínú wa pé kí ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún yìí, 2018, wọ́n tún gbéra. Ní Mount Isa, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Màmá, ojú wọn sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó sọ òótọ́ fún wọn: àrùn jẹjẹrẹ ni, ó ti dé ẹ̀dọ̀, ìtọ́jú lè fa ọjọ́ gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè wò ó sàn. Màmá gba oògùn ìrora, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n padà sínú ọkọ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú mẹ́tàlá ni wọ́n fi pè wá. Wọ́n bi wá nípa òjò, wọ́n bi wá nípa eyín Imogen tó ń yọ. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa àìsàn náà.

Ó di dandan kí a sọ àṣà kan níbí, torí òun ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí yìí. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù ní àgọ́ àwọn oníkáráfáànì, oníkálùkù á gbé àga rẹ̀ àti ohun tí yóò mu jáde, wọn á jókòó yí ká. Wọn kì í béèrè orúkọ ìdílé. Wọn kì í béèrè iṣẹ́ tí o ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí o kò mọ̀ rí á sọ fún ọ nípa iṣẹ́ abẹ rẹ̀ àti nípa ọmọ rẹ̀ tí kì í yọjú sí i, torí pé lọ́la, kálukú á fa ilé rẹ̀ lọ. Màmá, tí kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ní Eudunda, ń sọ ti ara wọn níbẹ̀. Àwa ọmọ kò mọ̀.

Ìpè Bàbá dé ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, láti ilé-ìwòsàn ní Carnarvon, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀ òfúrufú méjì ni a wọ̀. Nígbà tí a máa fi débẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Màmá ti lọ. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n. Obìnrin àgbà kan dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó di ọwọ́ Glenys mú. Rhonda ni orúkọ rẹ̀. Káráfáànì tirẹ̀ àti ti Màmá ló jọ ń rìn láti Karumba. Ó ní, "Ìwọ ni Glenys. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Láti oṣù Kẹfà ni gbogbo wa ti ń gbàdúrà sí i."

Láti ibí yìí lọ, n kò lè fi "àwa" bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Èmi Glenys ni mo ń kọ ìwé yìí. Nígbà tí mo gbọ́ "gbogbo wa," ara mi gbóná. Àgọ́ tí ẹnì kan kò mọ orúkọ bàbá ẹnì kejì mọ̀ pé ìyá mi ń kú lọ, èmi ọmọ kò mọ̀. Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo kọjú sí bàbá mi, tí wọ́n jókòó ti òkú, mo ní, "Ẹ jí Màmá gbé mọ́ wa lọ́wọ́ ni." Wọ́n wò mí, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Trevor ló gbé wọn wálé. Èmi àti àbúrò mi la ṣètò ìsìnkú, bí ẹni pé bàbá wa kò sí láyé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Rhonda fa káráfáànì rẹ̀ dé iwájú ilé mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi wakọ̀ láti Carnarvon. Mo po tíì fún un, mi ò kí i dáadáa. Ó mu ún tán kó tó la ẹnu.

"O bínú, o sì lẹ́tọ̀ọ́," ó ní. "Àmọ́ o ń bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́. Ní Kununurra, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rẹ gbé fóònù láti pè ọ́. Ojú mi ló ṣe. Ìyá rẹ ní, 'Merv, tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á pè mí padà. Màá sì padà, torí mi ò lè sọ pé rárá fún wọn. O mọ̀ pé mi ò lè sọ ọ́.' Ni bàbá rẹ bá gbé fóònù sílẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń da omi sójú bí ẹni ń bọ́jú. Ẹkún ló ń sun."

Mo bi í pé kí ló dé tí Bàbá kò sọ èyí fún mi ní Carnarvon.

Rhonda wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kékeré. "Èmi náà bi í. Ó ní kó o bínú sí òun sàn ju kó o máa bínú sí ìyá rẹ tó ti kú lọ."

Mo sunkún níwájú àlejò tí mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ará, a kò ní fi irọ́ tu ara wa nínú. Màmá kò parí rẹ̀. Nǹkan bí irínwó àti ọgọ́rin kìlómítà ló kù kí wọ́n dé Geraldton. Wọ́n rí Broome, wọ́n rí òkun ìwọ̀-oòrùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìrora sì wà nínú rẹ̀. Rhonda sọ pé wọ́n ń kọrin nínú ọkọ̀. Ì bá wù mí kí n gbọ́ orin yẹn. Ì bá wù mí kí wọ́n ti rò pé èmi lè jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ wọn pé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lọ. Èyí dùn mí ju ikú wọn lọ.

Màmá fi ọkọ wọn sáyé, Mervyn Laycock, tí wọ́n jọ gbé fún àádọ́ta ọdún ó dín díẹ̀. Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé, Glenys àti Trevor. Ìyàwó Trevor, Anthea. Àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta: Bronte, Lachlan àti Imogen. Wọ́n sì fi àwọn ọ̀rẹ́ sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà káàkiri ilẹ̀ yìí, tí a kò lè ka iye wọn.

Bàbá sọ fún pásítọ̀ lánàá pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn máa jókòó sí lónìí, láàrin àwọn oníkáráfáànì tó wá bá wa kẹ́dùn, kí ojú àwọn má baà bí ẹnikẹ́ni nínú. Mo lọ sílé wọn ní àárọ̀ yìí kí n lè bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti jáde. Nítorí náà, inú ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n, níṣojú gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún wọn kí wọ́n lè kọjá. Ìlà kìn-ín-ní ni àyè wọn wà, láàrin èmi àti Trevor. Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀. A ò ní bẹ̀rẹ̀ ìsìn títí ẹ ó fi dé.

Màmá, ẹ sùn re o. Kí ilẹ̀ Eudunda tù yín lára. A ó di Bàbá mú.